Àbùjá Ló Ń Pa Igbó

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ àti ewéko ni mo gbé wá sórí afẹ́fẹ́ lónìí. Kì í ṣe ẹsẹ̀ màlúù, kì í sì í ṣe ti katakata àwọn agégẹdú. Ẹsẹ̀ ọmọ ènìyàn ni: ẹsẹ̀ àlejò tó wá ṣeré nínú ọgbà igbó tàbí igbó òrìṣà, tó san owó ìwọlé lẹ́nu géètì, tó gbé fóònù dání, tó ya àwòrán, tó sì padà sílé láìjá ewé kan. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè búra pé òun ò ba nǹkan kan jẹ́, ìbúra náà á sì jọ òótọ́, nítorí kò gégi, kò dáná, kò ju ọ̀rá omi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rìn. Ibi tó gbà rìn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Èrò tó gbilẹ̀ láàárín wa ni pé iye àlejò ló ń pinnu bí igbó ṣe máa bàjẹ́ tó. Bí ènìyàn 100 bá wọlé, ìbàjẹ́ á di ìlọ́po mẹ́wàá ohun tí ènìyàn 10 fà. Orí ìṣirò yìí ni ọ̀pọ̀ alákòóso ń gbé ọgbọ́n wọn lé: wọ́n á ní kí a dín èrò kù, tàbí kí a fọ́n wọn káàkiri kí ìnira wọn má baà pọ̀ jù lójú kan. Ìmọ̀ràn kejì yìí, tó jọ ọgbọ́n létí, ni mo fẹ́ bá jà. Ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ fi hàn pé àwọn ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ ibi jù. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn, orí òkú ni wọ́n ń rìn. Nítorí náà, ẹgbẹ̀rún ènìyàn lójú ọ̀nà kan ṣoṣo tí a tún ṣe dáadáa kò léwu fún ewéko tó ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ènìyàn tó pín ara wọn sórí àbùjá tuntun mẹ́ta-mẹ́rin. Àwa la máa ń sọ pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ọjà nìyẹn o. Ti igbó yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀. Gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí hẹ́kítà 75 lọ. Ìjọba ti ń kà á mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè láti 1965, UNESCO sì fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005. Ṣùgbọ́n òfin òrìṣà ti wà níbẹ̀ ṣáájú òfin ìwé: a kì í dẹ̀gbẹ́ níbẹ̀, a kì í pẹja, a kì í gégi, a kì í dáko. Nínú igbó gúúsù ilẹ̀ wa bí irú èyí, ẹni tó bá lóṣòó sí etí ọ̀nà ẹsẹ̀, tó wo ilẹ̀ láti àárín ọ̀nà lọ sínú ìbòòji, á rí ìlú mẹ́ta lójú kan. Àárín ọ̀nà á le, á máa dán bí ilẹ̀ ilé àtijọ́ tí wọ́n pa. Gbòǹgbò igi á yọ síta níbẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ á ti bó o léèpo títí ó fi ń dán bí ẹ̀rúkọ́ àgbà àgbẹ̀. Ní ìgbésẹ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́, gbégi ló nà gbalaja sílẹ̀, patanmọ́ lè wà láàárín rẹ̀. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta-mẹ́rin sí i la tó bá àwọn onílé gan-an: gbódògì tí ewé rẹ̀ fẹ̀ bí àwo, rínrín tí ara rẹ̀ kún fún omi níbi tó tutù, àti àwọn ọmọ igi tí kò tíì ga dé orúnkún.

Kí ló dé tí gbégi fi lè gbé lábẹ́ bàtà, tí ọmọ ìrókò kò lè gbé e? Kì í ṣe pé gbégi ní ipá jù. Ibi tí kálukú fi ọ̀mùnú rẹ̀ pamọ́ sí ló yàtọ̀. Gbégi fi tirẹ̀ sí ìdí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ilẹ̀ dọ́gba, níbi tí bàtà kò ti lè ká a mọ́. Bí wọ́n bá tẹ ewé rẹ̀ fọ́ láàárọ̀, ìdí á máa ta òmíràn bọ̀. Ọmọ igi ní tirẹ̀ gbé ọ̀mùnú sórí téńté, ní orí igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo. Ìgbésẹ̀ kan ti tó láti kán an, tiẹ̀ sì parí. Gbódògì wà láàárín àwọn méjèèjì. Ó ní gbòǹgbò tó ń rìn lábẹ́ ilẹ̀, nítorí náà bí wọ́n bá ṣẹ́ ewé rẹ̀, kò kú lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbòòji ló ti ń jẹun, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ló ń rí, ewé kan ṣoṣo sì ná an ní oúnjẹ ọjọ́ púpọ̀. Ó lè san gbèsè ewé kan tàbí méjì. Bí wọ́n bá ń ṣẹ́ ẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ohun tó kó pamọ́ sí gbòǹgbò á tán, a ò sì ní mọ ọjọ́ tó kú, nítorí òun kì í wó lulẹ̀ pẹ̀lú ariwo bí igi.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀ tún burú ju èyí tí ojú rí lọ. Ilẹ̀ igbó tí ẹsẹ̀ kò tíì lù rọ̀ bí ìbùsùn òwú. Ekòló àti gbòǹgbò ti gbẹ́ ẹ ní ihò wẹ́wẹ́ káàkiri, ibẹ̀ ni omi ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni afẹ́fẹ́ ń gbà. Ẹni tó wọn kìlógíráàmù 70, nígbàkigbà tó bá gbé ẹsẹ̀ kan sókè, gbogbo 70 yẹn ti dà sórí àtẹ́lẹsẹ̀ kan. Ihò wẹ́wẹ́ á dì. Òjò á rọ̀, omi kò ní rọ́nà wọlẹ̀, á di àgbàrá, àgbàrá á gbá erùpẹ̀ olóràá àti ewé gbígbẹ lọ, gbòǹgbò á sì yọ síta. Èso tó bá bọ́ sórí irú ilẹ̀ yìí lè là, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ kò ní lè gún ilẹ̀. Ilẹ̀ tútù sì ni ẹsẹ̀ ń kì mọ́lẹ̀ jù. Ẹ rántí pé oṣù Kẹjọ ni ọdún Ọ̀ṣun máa ń bọ́ sí, nígbà tí omi ṣì wà nínú ilẹ̀, tí èrò láti ìlú wa, láti Brazil, láti Amẹ́ríkà sì ń wọ́ tẹ̀ lé Arugbá, ọmọbìnrin tó ń ru igbá Ọ̀ṣun, lọ sí etí odò. Ọjọ́ tí èrò pọ̀ jù lọ́dún kì í jìnnà sí ọjọ́ tí ilẹ̀ rọ̀ jù.

Mo sọ pé àwọn ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ ibi jù. Báwo la ṣe mọ̀? Ní 1993, David Cole ará Amẹ́ríkà àti Neil Bayfield tó ń ṣiṣẹ́ ní Scotland jọ gbé ìlànà kan jáde tí a lè fi wọn ohun tí ẹsẹ̀ ń ṣe sí ewéko níbikíbi. Ìlànà náà kò nílò ẹ̀rọ ńlá kankan. A ó pààlà ilẹ̀ sí ọ̀nà kéékèèké tó fẹ̀ ní ìdajì mítà, tó gùn ní mítà kan ààbọ̀. Ẹnì kan á rìn kọjá lórí ọ̀kan ní ìgbà 25, lórí èkejì ní ìgbà 75, lórí ẹ̀kẹta ní ìgbà 200, lórí ẹ̀kẹrin ní ìgbà 500. A ó fi ọ̀kan sílẹ̀ láìtẹ̀, kó lè jẹ́ ẹlẹ́rìí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì a ó padà wá wo ohun tó kù, lẹ́yìn ọdún kan a ó tún padà wá. Cole ṣe èyí fún oríṣi àwùjọ ewéko 18 ní agbègbè olókè márùn-ún ní Amẹ́ríkà, ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1995. Ìlà tó fi ya èsì náà kì í gùn gbọọrọ bí òpó iná. Ó máa ń já wálẹ̀ gan-an níbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà á wá tẹ́jú. Ìyẹn ni pé láti orí òdo dé ìwọ̀nba mélòó kan, ewéko ń kú lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Láti ibẹ̀ dé 500, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ohun tó kù láti pa. Ó tún rí i pé ìrísí ewéko ni ọ̀rọ̀ dá lé: koríko tó ń hù ní ìdìdì tàbí tó tẹ́ pẹrẹsẹ ló lè fara dà á jù, ewéko tó dúró ṣánṣán tí kò ní igi líle nínú ni kò lè gbà á rárá.

Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí. Ẹlẹ́dẹ̀ lè rí bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Imú ẹsẹ̀ ti wọgbà tán ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún alákòóso. Ká ní àlejò 500 ló wọ igbó láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bí gbogbo wọn bá gba ojú ọ̀nà kan, ilẹ̀ ọ̀nà yẹn ti lọ. A ti fi ṣe ètùtù, a ò retí nǹkan kan lórí rẹ̀ mọ́. Bí a bá wá fọ́n wọn sórí ọ̀nà méje, kí ara lè tu ilẹ̀, ènìyàn bí 71 ló máa kan ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú èsì Cole, àwọn ewéko ìbòòji tó lẹ́gẹ́ jù ti pàdánù èyí tó pọ̀ nínú ara wọn kí ìrìn tó pé 75. A fẹ́ dín ìnira kù, ọ̀nà méje la sọ di ahoro dípò ẹyọ kan.

Ẹnì kan lè ní òkè Amẹ́ríkà kọ́ ni Òṣogbo, pé koríko ibi tí yìnyín ti ń bọ́ kò lè jẹ́rìí fún gbódògì. Ó tọ́ láti bi í. Èmi náà kò ní gbé nọ́ńbà tó jáde níbẹ̀ wá síbí pé iye báyìí ni ewéko tiwa lè gbà. Ṣùgbọ́n ohun tó fa ìtẹ̀sí ìlà yẹn kì í ṣe òtútù, kì í sì í ṣe òkè. Ibi tí ọ̀mùnú wà ni, bí ewé ṣe tínrín tó ni, àti iye ìmọ́lẹ̀ tí ewéko ní láti fi tún ara rẹ̀ ṣe. Ní ti mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ilẹ̀ igbó tiwa ló wà ní ipò àìlera jù: igi ńláńlá ti gba ìmọ́lẹ̀ tán lókè, ohun tó bá ń hù nísàlẹ̀, ewé gbọ̀ọ̀rọ̀ tínrín ló máa ń tẹ́ kó lè rí ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù gbà. Bí ọ̀rọ̀ bá máa yàtọ̀ níbí, kò jọ pé ọ̀nà ojúure ló máa gbà yàtọ̀.

Àléébù tó wà níbẹ̀ ni pé irú ìbàjẹ́ yìí kì í hàn. Ẹni tó bá wo igbó láti òkèèrè, tàbí tó wo àwòrán rẹ̀ láti ojú ọ̀run, á rí i pé orí àràbà ṣì wà ní ipò rẹ̀, ewé ṣì ṣú dùdù. Abẹ́ rẹ̀ ló ti ṣófo. Igi ńlá kì í kú nítorí pé àlejò rìn kọjá ní ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá. Àwọn ọmọ tó yẹ kó rọ́pò rẹ̀ ló ń kú. Irú igbó bẹ́ẹ̀ dà bí abúlé tó jẹ́ pé àwọn àgbà nìkan ló kù síbẹ̀: ilé kún, gbogbo ẹnu ọ̀nà ló lẹ́ni tó jókòó, ṣùgbọ́n ilé ìwé ti padé láti ọdún mẹ́wàá. Ọjọ́ tí ìjì bá wó igi kan, ìmọ́lẹ̀ á já wálẹ̀, àyè á ṣí sílẹ̀, kò sì ní sí ọmọ ìrókò tàbí ọmọ apá tó ti ń dúró nísàlẹ̀ láti sáré gòkè. Ohun mìíràn ni yóò gba ibẹ̀.

Bàtà ló sì sábà máa ń gbé ohun mìíràn yẹn wọlé. Kò sẹ́ni tó gba inú igbẹ́ kọjá rí tí kò mọ abẹ́rẹ́ olóko, tàbí èèmọ́ tó ń lẹ̀ mọ́ etí ṣòkòtò. Àwọn ewéko wọ̀nyí kò ní ìyẹ́, kò ní ẹsẹ̀, àwa ni wọ́n fi ṣe ọkọ̀. Ní 2009, àwọn olùwádìí kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìwé jáde lórí irúgbìn tí wọ́n jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ bàtà àwọn arìnrìn-àjò. Èyí tó pọ̀ bọ́ sílẹ̀ kíá, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń bá díẹ̀ lára bàtà lẹ́yìn kìlómítà márùn-ún. Kódà Antarctica, níbi tí koríko kò ti fi bẹ́ẹ̀ sí, kò bọ́: nígbà tí wọ́n yẹ aṣọ, bàtà àti báàgì àwọn tó ń wọ ibẹ̀ wò ní 2007 sí 2008, ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó irúgbìn mẹ́wàá. Irúgbìn nìkan kò tó ṣá. Ó nílò ilẹ̀ tó ṣófo àti ìmọ́lẹ̀, ohun méjèèjì yìí sì ni àbùjá ń pèsè. Ewé Akíntọ́lá ló mọ èyí jù. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ewé yìí ti wá, kò pé ọgọ́rùn-ún ọdún tó dé ọ̀dọ̀ wa, síbẹ̀ kò sí etí ọ̀nà tí kì í sí. (Àwọn ìlú kan ń pè é ní Akíntọ́lá, àwọn mìíràn ń pè é ní Awólọ́wọ̀. Àwọn olóṣèlú méjì tí ọ̀rọ̀ wọn kò wọ̀ mọ́, ewé kan náà ni aráàlú fi so wọ́n pọ̀.) Inú ìbòòji tó dì, kì í rí ibi fìdí múlẹ̀. Bí ọ̀nà bá ti ń fẹ̀, tí oòrùn ń wọlé, ó ti dé.

Ó kan àwọn tí kò gbà. Àkọ́kọ́ ni àwọn tó ń sọ pé láyé àwọn baba wa, ọdẹ ń wọgbó, oníṣègùn ń já ewé, aṣẹ́gi ń ṣẹ́gi, igbó kò sì tán. Òótọ́ ni. Ẹ wo irú ìrìn tí wọ́n ń rìn. Ọdẹ kan ṣoṣo, kì í gba ibi tó gbà lánàá. Oníṣègùn tó fẹ́ ewé kan lè má padà sí ìdí igi yẹn títí òṣùpá á fi lé lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Níbi tí ènìyàn kò bá pọ̀, tí ẹsẹ̀ kì í sì í padà sójú kan, fífọ́nká dára ju ọ̀nà kan lọ, nítorí ìgbésẹ̀ tó ń kan ojú kọ̀ọ̀kan kò tó ohun tó lè mú kí ìlà Cole yẹn já jìnnà. Mo gbà á fún wọn pátápátá. Ohun tí kò ṣeé gbà ni pé kí a mú àṣà ọdẹ kan ṣoṣo, kí a fi ṣe òfin fún bọ́ọ̀sì mẹ́fà tó kó ọmọ iléèwé wá lọ́jọ́ Sátidé. Ibi tí àwọn baba wa ti ní èrò púpọ̀ nínú igbó, ìyẹn ní ọjọ́ ọdún, ọ̀nà kan ni wọ́n là: Arugbá ní ojú ọ̀nà tó ń tọ̀ láti ààfin Àtáọ́ja, ọba Òṣogbo, dé etí odò, kì í yà sí ibi tó wù ú. Nítorí òrìṣà ni wọ́n ṣe fi òfin náà lélẹ̀, kì í ṣe nítorí gbódògì, ṣùgbọ́n gbódògì jẹ nínú rẹ̀.

Àwọn kejì ní ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ kéré. Ayùn oníná àti àgbẹ̀ tó ń tiná bọ igbó ni ká lọ dojú kọ. Ní ti igbó ọba ńláńlá, bí irú Ọ̀mọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, wọn kò parọ́. Ẹni tó ń dààmú nípa bàtà níbi tí ọkọ̀ agégẹdú ń gbà kọjá, orí ẹni tó ń jóná ló ti ń yọ iná orí. Ṣùgbọ́n ọgbà igbó tí àlejò ń lọ kì í sábà tóbi, ayùn kì í sì í wọ ibẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ ká fi Igbó Ọ̀ṣun ṣe ìṣirò, ìṣirò lásán ni o, kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni wọ̀n níbẹ̀. Ká ní ọ̀nà àti àbùjá inú rẹ̀ pọ̀ títí àròpọ̀ gígùn wọn fi di kìlómítà mẹ́wàá. Ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mítà méjì, kí ìbàjẹ́ etí rẹ̀ sì wọ inú igbó ní mítà márùn-ún lápá ọ̀tún àti márùn-ún lápá òsì. Hẹ́kítà 12 nìyẹn nínú 75, ìdá kan nínú mẹ́fà kù díẹ̀. Bí a bá wá ti ìdajì gígùn yẹn pa, hẹ́kítà mẹ́fà ló padà sọ́wọ́ ewéko, a ò sì lé àlejò kankan padà lẹ́nu géètì. Níbi tí ayùn ti dákẹ́, ẹsẹ̀ ló kù.

Àwọn kẹta ló ń bá mi jà jù. Wọ́n ní bí a bá tún ọ̀nà ṣe, a ti gbé ìlú wọ inú igbó nìyẹn: sìmẹ́ńtì, yangí tí wọ́n kó láti ibòmíràn pẹ̀lú irúgbìn nínú rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó fẹ̀, koríko àjèjì. Ohun tí wọ́n sọ nípa yangí jẹ́ òótọ́, ó sì yẹ kí ẹni tó ń gba iṣẹ́ ọ̀nà nínú igbó mọ ibi tí wọ́n ti ń wa á. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a tún ṣe kò gbọ́dọ̀ jẹ́ títì. Ọgbà Lekki tí àjọ Nigerian Conservation Foundation dá sílẹ̀ ní 1990, hẹ́kítà 78 ni, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ àbàtà. Pákó ni wọ́n tẹ́ sórí òpó gba inú rẹ̀ kọjá, omi ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀, ewéko ń hù lábẹ́ rẹ̀, àlejò kò sì rí ìdí tó fi yẹ kó sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ní 2015 wọ́n tún ṣí afárá kan níbẹ̀ tó ń gba àárín orí igi kọjá, mítà 401 ni gígùn rẹ̀. Mo mọ̀ pé pákó ń jẹrà, pé òjò Èkó kò mọ ọlọ́lá, pé owó àtúnṣe kì í tán. Ẹrẹ̀ náà ní owó tirẹ̀. Kì í kàn fi ìwé owó ránṣẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ ẹrẹ̀ yìí ló mú mi dé ibi tí àwọn kẹrin wà, àwọn tó ní asán ni gbogbo rẹ̀ nítorí ọmọ Nàìjíríà kì í gbọ́ ìkìlọ̀. Ẹ fi pátákó KÒ SÍ Ọ̀NÀ síbẹ̀, ìdí pátákó gan-an ni wọ́n máa gbà. Ó dà bíi pé àwọn ará Scotland náà ò gbọ́ ìkìlọ̀. Ní 1973, Bayfield tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan kọ nípa àwọn ọ̀nà ẹsẹ̀ orí òkè níbẹ̀, ó sì rí i pé ibi tí ọ̀nà bá ti rọ̀, tó kún fún pàlàpálá, tàbí tó dagun, ibẹ̀ ló ti ń fẹ̀. Ènìyàn dé ibi ẹrẹ̀, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí bàtà rẹ̀ má baà rì. Ẹni tó tẹ̀ lé e bá ẹ̀gbẹ́ náà ní ẹrẹ̀, ó yà sí i. Kò sí ìwà ibi kankan nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá arúgbó tó wọ aṣọ funfun lọ sódò Ọ̀ṣun á ṣe yà fún àbàtà, ta ló máa bá a wí? Ọ̀nà tí kò dáa ló ń bí àbùjá. Gbẹ́ kòtò omi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, da òkúta wẹ́wẹ́ sí ojú tó rọ̀, gé àtẹ̀gùn sí ibi tó dagun. Èyí tó pọ̀ nínú àwọn aláìgbọràn yẹn á di olùgbọ́ràn láàárín ọjọ́ kan. Àwọn tó kù, ìyẹn àwọn tó ń wá ibi ya àwòrán, ẹ fún wọn ní pèpéle kan létí odò kí wọ́n máa dúró sí.

Ṣé kò wá sí ìgbà tó yẹ kí a ti igbó pa pátápátá? Ó wà. Ní New Zealand, igi kan wà tó ń jẹ́ kauri, tó lè gbé ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ. Ohun àìfojúrí kan tó ń gbé inú ilẹ̀, Phytophthora agathidicida, ń jẹ gbòǹgbò rẹ̀ títí á fi kú, ìwọ̀nba erùpẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ bàtà sì ti tó láti gbé e dé ìdí igi mìíràn. Ní oṣù Kejìlá 2017, àwọn Te Kawerau ā Maki, ẹ̀yà Māori tó jẹ́ onílẹ̀ igbó Waitākere lẹ́bàá ìlú Auckland, fi rāhui lé igbó náà. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń pààlè sí oko kò nílò kí n túmọ̀ rāhui fún un. Ní 2018, ìgbìmọ̀ ìlú náà fi agbára òfin ti ibi tó jẹ́ igbó níbẹ̀ pa. Ṣùgbọ́n wọn kò dúró síbẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí àwọn ọ̀nà padà lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi òkúta wẹ́wẹ́ àti pákó tún un ṣe kí bàtà má baà kan erùpẹ̀ tútù, tí wọ́n sì gbé búrọ́ọ̀ṣì àti oògùn apakòkòrò sí ẹnu ọ̀nà kí kálukú fọ bàtà rẹ̀. Ààlè ra àsìkò fún wọn, ọ̀nà tó dára ni wọ́n fi àsìkò náà rà.

Bí alákòóso ọgbà igbó kan bá ń gbọ́ mi nísinsìnyí, tó sì fẹ́ ti àbùjá kan pa, kó má ṣe rò pé pátákó ló kàn. Ilẹ̀ tó ti dì kì í tètè la ara rẹ̀. Ọkọ́ la ó kọ́kọ́ fi tú u, díẹ̀díẹ̀, kí a má gé gbòǹgbò igi tó wà nítòsí. A ó kó ewé gbígbẹ láti inú igbó kan náà dà sí i lórí, nítorí irúgbìn onílé wà nínú rẹ̀. A ó wá fa ẹ̀ka igi tó ti wó dábùú ẹnu rẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, kó má jọ ọ̀nà lójú ẹni tó ń kánjú mọ́. Èyí tó máa kọ́kọ́ hù níbẹ̀ lè jẹ́ gbégi, àlejò á sì rò pé iṣẹ́ ti parí. Kò tíì bẹ̀rẹ̀. Níbi tí ìbòòji bá ti padà dì lé e lórí, gbégi á rẹ̀, á sì kúrò fúnra rẹ̀. Bí ewé Akíntọ́lá bá yọjú kí ó tó rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n fà á tu kó tó tanná. Ọjọ́ tí ewé gbọ̀ọ̀rọ̀ kan bá yọ láàárín ewé gbígbẹ yẹn, tó ká ara rẹ̀ bí ẹni ká ẹní, kí wọ́n wò ó dáadáa. Ó lè jẹ́ gbódògì.